Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Tó Wọkọ̀

Igba náírà ni wọ́n ń ta ọ̀rá yìnyín kan ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ra ẹyọ kan sórí ẹja tí oníbàárà mi ń retí ní Àjàó Estate. Àbúrò mi, Ráfíù, tó fọwọ́ ara ẹ̀ so bátìrì mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ẹ̀, ní kí n jókòó sẹ́yìn, ó ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀.

Iwájú ilé epo ni bátìrì tán sí, àfi bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ta lo gbé nígbà tó o dán an wò?”

“Èmi nìkan ni, Àǹtí. Ẹ̀yin àti ẹja wá…” Ó wò mí látòkè délẹ̀.

Bátìrì mọ̀ pé a pọ̀. Ráfíù ni ò mọ̀. Yìnyín ti ń yọ́ sí mi nítan. A pe Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a gbé kẹ̀kẹ́ Ráfíù sínú ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ jókòó bí ìyàwó tuntun, àwa rún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹja dé láìbàjẹ́, oníbàárà sanwó. Nígbà tí mo yọ owó ọkọ̀ tiwa àti ti kẹ̀kẹ́ kúrò nínú èrè mi, mo rí i pé mo ti pàdánù igba náírà.