Ìyá Ìyàwó Mi àti Ọkọ Inú Àpótí Yìnyín

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ìyá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Ilé oníyàrá méjì là ń gbé ní North York nílẹ̀ òyìnbó, lókè ní àjà kọkànlá, irú ilé tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ṣí ìkòkò ní ìdáná, ẹni tó wà ní yàrá á ti mọ̀ bóyá ata pọ̀ jù.

Mo bẹ̀rù Mọ́mì díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n le. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn náà ló sì máa ń darí eré tí iléèwé ń ṣe ní òpin ọdún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀wọ̀ wọn. Nínú ẹbí tiwọn, wọn kì í fojú di àna, nítorí náà "ẹ" ni wọ́n ń bá mi sọ. "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?" Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà á tún dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ìyàwó mi ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọmọ òun á dàgbà, á máa rò pé eré ìdárayá ni bàbá òun ń ṣe.

Eré tẹlifíṣọ̀n kan ló bá wa tú okùn ọ̀wọ̀ náà.

Mo fẹ́ràn àwọn eré tó dá lórí sáyẹ́ǹsì ọjọ́ iwájú. Èyí tí mò ń wò nígbà náà, ọkọ̀ ńlá kan ló kó àìmọye èèyàn kúrò nílé ayé tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ń wá inú ìràwọ̀ kiri fún ibi tí wọ́n lè tẹ̀dó sí. Obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn kan kọlu ọkọ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú àpótí yìnyín kó máa sùn níbẹ̀ títí wọn yóò fi rí oògùn. Ogún ọdún kọjá. Obìnrin náà hu ewú, ẹnjiníà ọkọ̀ sì ti di ààyò rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi àkísà nu ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyàwó mi àti ọmọ ń sùn ní yàrá. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, mo jókòó. Mọ́mì wà ní ìpẹ̀kun kejì sọ́fà, wọ́n ń ká aṣọ ọmọ. Ibi tí mò ń wò dé ni ọ̀gá ọkọ̀ àti ẹnjiníà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu konu. Mo wá rìmóòtù títí. Abẹ́ òkìtì aṣọ tí Mọ́mì ká ló wà, mi ò sì jẹ́ tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tí àna mi ká láti lọ pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n." Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n béèrè pé, "Ọkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá mà. Ẹnjiníà ni."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú àpótí yìnyín ló wà, mà."

"Ó ti kú ni?"

"Kò kú mà. Ó ń sùn."

Mọ́mì gbé aṣọ ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn lé itan. "Ọkọ ń sùn," ni wọ́n wí, "ìyàwó wá lọ bá ẹnjiníà." Wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Mọ́mì ti wo gbogbo apá eré náà tó ti jáde. Ẹ̀yìn ọkọ ni wọ́n wà, èmi wà lẹ́yìn ẹnjiníà. Mo ní ta ló tún ọkọ̀ ṣe nígbà tí iná kú? Ta ló jókòó ti obìnrin náà nígbà tí ibà ń ṣe é? Wọ́n ní ìgbéyàwó kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe.

Mo ní, "Mọ́mì, ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan."

"Bàbá ìyàwó yín lọ kàwé nílùú òyìnbó fún ọdún méje. Mi ò bá ẹnjiníà kankan lọ."

"Àmọ́ wọ́n ń kọ lẹ́tà sí yín, mà. Ẹni inú àpótí ò lè kọ lẹ́tà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kọ lẹ́tà?"

Àwa méjèèjì wo ara wa. Kì í ṣe nítorí lẹ́tà. "Fún ọ" yẹn la jọ gbọ́. Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu. Mo rọra sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa á dà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di "ìwọ" nínú ilé mi, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyàwó mi ò bá wa dá sí i. Ó yọjú láti ìdáná, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ẹni tí wọ́n háyà pé kó wá sùn." Òun náà ló ní kí n máa mú ìyá òun jáde kí etí òun lè sinmi nínú ilé.

Bí Mọ́mì ṣe bá mi dé ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwa bíi méjìlá tó fẹ́ràn eré náà máa ń pàdé ní yàrá kan nílé ìkàwé àdúgbò. Obìnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló ń ṣe olórí wa. Ó lóhùn tó dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, títí kan àwọ̀ aṣọ. Àwọn tó fara mọ́ ọkọ máa ń jókòó lápá ojú fèrèsé, tẹnjiníà lápá ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì wọlé pẹ̀lú ìró àti kóòtù òtútù, wọ́n kí gbogbo ilé ní Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́, wọ́n sì lọ jókòó lápá ojú fèrèsé láì bojú wẹ̀yìn wò mí.

Apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ọkọ ti jí. Ó jáde nínú àpótí bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó rí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ewú, ó sì dì mọ́ ọn. Inú àwọn ará apá ojú fèrèsé ń dùn ṣìnkìn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní kò sí ìfẹ́ tó ju ìyẹn lọ láyé. Mọ́mì nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ọwọ́ kan ni," ni wọ́n wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dá ìran náà padà, gbogbo wa sì fara mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọkùnrin náà fi gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ òsì so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ìkúùkù.

Mọ́mì ṣàlàyé fún wọn. "Mo ti darí eré rí. Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ obìnrin tó ti fi sílẹ̀ láti ogún ọdún, bó bá lọ́wọ́ mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ló máa lò. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ nípa ẹnjiníà. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń bínú. Òṣèré gidi nìyẹn."

Yàrá dà bí ọjà lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn kan ní ọkọ ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ látinú àpótí. Àwọn kan ní apá òsì yẹn kì í ṣe ẹran ara mọ́, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó ń sùn. Ẹnì kan ya àwòrán ìkúùkù nìkan, láìsí èèyàn lára rẹ̀. Mọ́mì á gbé dígí sójú, wọn á máa ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi, wọn á sì máa bá ẹni tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ tún un ṣe lẹ́nu. Ẹgbẹ́ wa ń pè wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọwọ́ Òsì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ wọn ní Ìbàdàn.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, tí oòrùn ń yọ díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi ní òun fẹ́ rí omi, òun ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ìràwọ̀. Gbogbo wa wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba etí adágún lọ sí Port Credit. A rìn létí omi, ọmọ sùn, òtútù mú wa, a sì yà sí ilé kọfí kan. Orí ìlà ni mo wà nígbà tí mo rí ọkùnrin kan níwájú mi tó dé fìlà onírun, tó gbé àpò àlùbọ́sà dání. Mo mọ ojú rẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́, torí mo mọ ẹni tí mo bá wá.

Mọ́mì ti rí i láti ibi tí àwọn àti ìyàwó mi jókòó sí. "Ọkọ inú àpótí nìyẹn," ni wọ́n wí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti kúrò lórí ìjókòó.

Mo rò pé wọ́n máa bá a jà nítorí ìyàwó rẹ̀ ni. N ò mọ̀ wọ́n tó. "Ẹ káàsán, sà," ni wọ́n wí fún un. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe, ẹ kì í ṣe ẹni inú eré. Èmi náà ti kọ́ àwọn ọmọ ní eré ṣíṣe. Mo kàn fẹ́ kí yín kú iṣẹ́ ọwọ́ òsì yín ni."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan sí i. Mọ́mì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, látorí ọwọ́ tó so rọ̀ dé orí ìkúùkù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó wá bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mà," ló wí, "ejìká mi ló yẹ̀."

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn tó ya ìran náà, òun yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé òun. Òun ò lè gbé apá òsì sókè rárá, ni olùdarí bá ní kí òun fi ọ̀kan dì mọ́ ọn, kí àwọn lè rí ilé lọ.

"Ìkúùkù ńkọ́?" ni Mọ́mì béèrè.

"Ó ń dùn mí ni, mà."

Mọ́mì wo ejìká náà. Ìyàwó mi ti kọjú sí fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Mo rò pé ojú á ti Mọ́mì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé wọ́n bá yín to ejìká náà dáadáa?" Lórí ìlà níbẹ̀, wọ́n ní kó gbé apá sókè. Ó gbé e, ó dúró lágbedeméjì. Mọ́mì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n wá tọwọ́ bọ àpò ọmọ, wọ́n yọ ìgò òrí tí a fi ń pa ọmọ lára, wọ́n sì gbé e fún un. Àárọ̀ àti alẹ́, ni wọ́n wí, pẹ̀lú omi gbígbóná. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n sọ bó ṣe máa parí fún yín?"

Mo ti sún mọ́ wọn nígbà yẹn.

"Rárá o," ni Mọ́mì wí. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí à ń padà, a kọjá ibùdókọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì ní, "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ wa. Mo ti kọ́ wọn ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá ṣi nǹkan kọ sórí pátákó, òun náà ló gbọ́dọ̀ pa á rẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde, wọ́n sì sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìfi ẹyọ kan pa mọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ wá rò pé ó lè sọ òtítọ́ fún yín? Wọ́n ti mú kó fọwọ́ síwèé pé kò ní tú àṣírí."

"Ó yẹ̀ ni," ni Mọ́mì wí. "Mo fi ọwọ́ mi kàn án."

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣí ìwé rẹ̀. "Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ yín?" ló béèrè. "Ṣé ó tutù?"

Mọ́mì rọra jókòó. Wọ́n wò mí láti ọ̀kánkán, ẹ̀rín sì mú wọn débi tí wọ́n fi bọ́ dígí ojú wọn. Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ èèyàn, mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó di ohun tí mo kọ́ ọ mú tó báyìí."

Oṣù kẹfà ni wọ́n padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí ewé igi ń pọ́n ni apá tó kẹ́yìn jáde. Ọ̀gá ọkọ̀ ò mú ọkọ, kò mú ẹnjiníà. Ó kó àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ kékeré kan pé kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ tuntun kan wá, òun sì dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa pín sí mẹ́ta. Mo pe Mọ́mì lórí fóònù láti mọ èrò wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ojú tí ẹnjiníà fi wẹ̀yìn.

Wọ́n dá mi dúró. "Ìwọ ń wo ẹnjiníà, èmi náà ń wo ọkọ. Ṣé o rí ohun tí obìnrin yẹn ṣe nígbà tí wọ́n lọ tán?"

Mo ní mi ò ṣàkíyèsí.

"Lọ wò ó." Wọ́n wá béèrè bóyá eyín ọmọ ti yọ.

Ní Sátidé, mo dá a padà. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré náà ti kúrò lójú, ọ̀gá ọkọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀, ó rọra bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó mí kanlẹ̀, kó tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo wò ó. Òṣèré náà ò jẹ́ kí ẹ̀rọ ayàwòrán kọjú sí ẹsẹ̀ òun rárá, ejìká rẹ̀ tó wálẹ̀ lèèyàn fi máa mọ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, mo sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i fún wọn. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti béèrè pé ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ bọ́.