Ìpá Tí Mo Fi Gáàdì Bò

Ibi tí mo lóṣòó sí lẹ́yìn igi mẹ́ta ni nǹkan ti yọ̀ wálẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn mi, bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Kò dùn mí. Mo fọwọ́ kàn án, ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ nílé, ó padà wọlé fúnra rẹ̀. Mo ní kó máa lọ láyọ̀.

Kípà ni mí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń lóṣòó lẹ́yìn igi láti mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá tàsé. Nígbà èwe mi ní Ìkòròdú, mo mú bọ́ọ̀lù kan tó gbóná débi pé àwọn obìnrin Èbúté wá yan ẹja nínú ìbọ̀wọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó bi àwọn ẹja náà léèrè. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣa àwa àgbààgbà jọ láti lọ bá àwọn àgbààgbà Gánà gbá a. Àyè kípà kan ṣoṣo ló wà, èmi àti Ràfíù ará Ẹ̀pẹ́ la sì jọ ń du ú. Ìdí nìyí tí mo fi panu mọ́.

Ìpá ni wọ́n ń pè é. Iṣan tó bo ikùn ló rọ̀ níbì kan, ìfun wá gba ibẹ̀ yọ sábẹ́ awọ. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń fi kọrin bú àgbàlagbà, ohùn tèmi ló sì máa ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n kípà ní gáàdì, ike líle tó fi ń bo nǹkan ọkùnrin. Mo ki ìpá náà bọ abẹ́ gáàdì, mo fi aṣọ dì í pa. Ta ló máa mọ̀?

Ìyàwó mi fura.

"Bàbá Táwà, kí lẹ dì mọ́dìí?"

"Gáàdì ni."

"Ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ kírun?"

"Bọ́ọ̀lù ò mọ mọ́sálásí."

Ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi yan kípà ní Ẹ̀pẹ́, ìpá náà kọ̀, kò wọlé mọ́. Mo tì í títí, gáàdì sì ń tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ mo lóṣòó. Nígbà tó yá, inú mi ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Mo bì, mo wó lé igi lórí. Ràfíù, ẹni tí ìṣubú mi ṣe láǹfààní, ló gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́ gan-an?"

"Ẹja ọjà Olúwo tí mo jẹ ni."

"Ẹja ló ní kó o di abẹ́ mú báyẹn?"

Ní ọsibítù, mo fi fìlà bo itan lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn abiyamọ. Ìyá Táwà, tó wá ra ẹja ní Olúwo, sáré bá wa. Dókítà tó yẹ̀ mí wò, ọmọbìnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ ni.

"Bàbá, ìgbà wo ni kò ti wọlé mọ́?"

Mo wo ìyàwó mi, mo wo Ràfíù. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Ìfun yín ló ti há. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi tó bá há. Tó bá pẹ́, á kú, a ó sì gé e. Mo tún bi yín o."

"Láti ìdájí," ni mo wí. "Ìpá náà fúnra rẹ̀ sì ti pẹ́ lára mi."

Ìyá Táwà gbójú sílẹ̀. Ìtìjú yẹn dùn mí ju inú rírun lọ.

Ìfun náà ò tíì kú. Wọ́n dá a padà, wọ́n rán àwọ̀n kékeré bo ibi tó rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, tí mo bá húkọ́, bí ẹni fọ̀bẹ gún mi ni. Ìrọ̀rí ni mo ń gbá mọ́ra kí n tó húkọ́. Ìyá Táwà ló ń wẹ̀ mí.

Ràfíù ni wọ́n mú lọ Gánà. Ó pè mí kí wọ́n tó gbéra: "Àwọn èèyàn ń bèèrè ẹ. Kí ni kí n ní ó ṣe ẹ́?"

Irọ́ pé ọ̀nì Èbúté ló bù mí jẹ ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. "Sọ fún wọn pé ìpá ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, méjì nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa pè mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń kírun jẹ́jẹ́ lọ: "Dókítà wo ló ṣe tìẹ?"

Ara yìí ti bá mi lóṣòó láti kékeré, irọ́ ni mo fi ń san án lóore. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ dókítà náà, lọ́wọ́ Ìyá Táwà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ràfíù pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.