Ẹkún Ọba Ọ̀run

Mo ṣì ń gbọ́ bí bàtà mi ṣe ń dún ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di tíṣà ní Ẹdẹ. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní ìlú wa nígbà náà, àwọn ará oko sì máa ń rìn wá láti ọ̀nà Awo kí wọ́n lè rí irin tí ń mí èéfín. Èmi kì í dúró wò ó. Mo ti kàwé, ẹni tó kàwé kì í sì í ya ẹnu. Bí mo bá ń rìn, bàtà mi á máa dún kó, kó, kó, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ìmọ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi kò gba bàtà náà gbọ́. Oníṣàngó ni wọ́n, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun lọ́rùn, wọ́n sì máa ń fi òrìṣà wọn yangàn bí ẹni pé àwọn gan-an ló bí i. Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ìwàásù ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì já lé mi léjìká, mo kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ lórí bí Ọlọ́run ṣe di ènìyàn, mo sì lọ dán an wò létí wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ṣé ó gun ènìyàn ni?" ni wọ́n bi mí. "Bí tèmi ṣe ń gun ẹlẹ́gùn, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ bí ijó bá parí?"

"Rárá, ìyáà mi. Wọ́n bí i ni. Ó di ọmọ ọwọ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Olódùmarè tí kò ní ojúbọ, òun lẹ wá sọ di ọmọ tí ń tọ̀ sí ènìyàn lára? Tíṣà, ẹ rọra o! Tèmi bá dé, ilé á mì, ewúrẹ́ á sá. Tiyín ńkọ́? Ó sunkún ọmú ni?"

Ojú tì mí fún Ọlọ́run. Mo ní kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sín. Mo ní ọmọ yẹn kò dà bí ọmọ aráyé, pé kò sunkún rárá, pé ńṣe ló lajú kalẹ̀ tó ń wo gbogbo ènìyàn bí ọba. N kò mọ ibi tí mo ti kà á, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi létí.

"Ìyẹn sàn díẹ̀," ni ìyá mi wí, wọ́n sì ń bá ẹ̀gúsí wọn lọ.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ìrọbí mú ìyàwó mi láàárọ̀, nínú ọyẹ́. Oyún àkọ́bí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá mi àti àwọn obìnrin ilé wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n lé mi síta. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ ní àgbàlá títí oòrùn fi kàn mí ní àtàrí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ọkùnrin ni." Ni gbogbo yàrá bá dákẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í kí bàbá ọmọ kú ewu títí ọmọ yóò fi ké. Kí ọmọ tó ké, àlejò ẹnu ọ̀nà ni, ó lè yí padà. Mo gbọ́ omi tútù tí wọ́n ń wọ́n. Mo gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi lára ọmọ, pá, pá. Mo gbọ́ ohùn wọn, kò sì sí ìyangàn kankan nínú rẹ̀ mọ́: "Ké, bàbá mi. Jọ̀wọ́, ké. Ké fún mi."

N kò rántí ọ̀rọ̀ ńlá kan ṣoṣo. Mo ti bọ́ bàtà láìmọ ìgbà tí mo bọ́ ọ. Àdúrà tí mo gbà kò ju ti ìyá mi lọ: kó ṣáà ké.

Ó ké. Igbe tín-ín-rín, bíi ti ọmọ ewúrẹ́, kò mi ilé kankan. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú eruku. Ìyá mi gbé e jáde wá, ìtọ̀ rẹ̀ ti rin aṣọ wọn, wọn kò bìkítà.

"Tíṣà, o ní tiyín kò sunkún?"

Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà.

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ tí kò sunkún kò tíì dé. Bí ó bá dé lóòótọ́, á jẹ́ pé ó ké." Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. "Á jẹ́ pé obìnrin kan dorí i kodò, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. Yéè! Olódùmarè gan-an!" Wọ́n wá ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ kejì, mo dìde láti wàásù. Mo kàn sọ pé wọ́n bí i, pé ó sì sunkún. Ohùn kan sọ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí oníṣàngó kan jókòó sí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn: "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ewu iná kì í pa àwòdì!" Ojú àwọn àgbà ìjọ le. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò dúró gba àṣẹ. Wọ́n ti ń kí ara wọn kú ewu káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá mi kò bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn títí wọ́n fi kú. Èmi rékọjá òkun, mo kàwé gíga, mo sì bá àwọn ọ̀mọ̀wé onírùngbọ̀n jiyàn lórí bí Ọlọ́run ṣe lè di ènìyàn. Ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ nígbà náà ti ní ewú lórí báyìí, kò sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ti ń ga jù, mo máa ń pa á dé. Màá gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ kan, pá, pá, àti obìnrin kan tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó ké. Màá sì jókòó bẹ́ẹ̀, láìmí, títí igbe náà yóò fi dé.