Ìdí Tí Onímáṣíìnì Fi Yan Yorùbá

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, Mama Làraba kọ nǹkan mẹ́ta sára pátákó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí kálukú wa sọ wọ́n ní èdè tí yóò máa fi dáhùn fóònù. Àwọn ni ọ̀gá wa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ilé ìwòsàn Shika kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Hausa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Yorùbá débi pé kò sí ẹni tó lè fi bú wọn kó mú un jẹ.

Iṣẹ́ wa ni láti gbọ́ ìpè àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìbéèrè nípa ara wọn tí wọn kò rí ẹni bi. Yàrá wa wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní PZ, ní Zaria. Bí ẹni tó pè bá yan Hausa, Sani ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò gbé e. Bí ó bá yan Yorùbá, èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Ìmọ̀ èdè ni mo kà, Danmagaji níbẹ̀ náà sì ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà Hausa kò ṣòro fún mi.

Mo jókòó ti bébà mi bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ohun kìíní, mo pè é ní ara tí ènìyàn gbé wá sáyé. Ìkejì, mo pè é ní ẹni tí ènìyàn mọ ara rẹ̀ sí nínú ọkàn rẹ̀: ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, tàbí ohun tí kò bọ́ sí ìhà kankan. Ìkẹta, mo pè é ní ẹni tí ọkàn ènìyàn ń fà sí. Mo tún wọn kà, inú mi sì ń dùn débi pé n kò lè mú ẹsẹ̀ mi dúró lábẹ́ tábìlì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bí èébú tàbí bí àwàdà. N kò rí ẹni tó là á sí mẹ́ta fún mi rí, kí n lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé Sani. "Mama," ó ní, "ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ọkùnrin, ṣé obìnrin ló fẹ́ dà ni?"

Mama Làraba wò ó dáadáa. "Sani, ìwọ tí o fẹ́ràn túwó tó báyìí, ṣé túwó lo fẹ́ dà?"

A rẹ́rìn-ín títí Sani fi di orí mú. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé wa: ẹni tí mo jẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí mo fẹ́ràn.

Mama ní kí ọkàn ọkùnrin fà sí ọkùnrin, tàbí ti obìnrin sí obìnrin, kì í ṣe àìsàn; mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn dókítà àgbáyé tó ń ṣe àkójọ àwọn àìsàn ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́, kí n má kàn gba ọ̀rọ̀ àwọn gbọ́, kí n lọ kà á. Mo lọ kà á. Mo sì ka ti àwọn tó ń jiyàn náà pẹ̀lú. Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn, Sani sọ mí ní Alkali, ìyẹn adájọ́, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára mi títí dòní.

Mama kò fi òfin pamọ́ fún wa. Òfin ilẹ̀ wa le gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, ahọ́n aládùúgbò sì le ju òfin lọ. "Ẹ ò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni láti tú àṣírí ara rẹ̀ síta," ni wọ́n wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Kó wà láàyè, kó sì mọ òótọ́. Ìyẹn niṣẹ́ wa."

Iṣẹ́ náà ní èdè tirẹ̀. Ìpè òfo ni ìpè tí ẹni tó pè kò sọ nǹkan kan, tó kàn ń mí. A kì í pa á. Ìdápadà ni kí o fi ẹnu tìrẹ sọ ohun tí ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Ó dà bí ohun tí kò nítumọ̀, àfi ìgbà tí o bá rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìpè Yorùbá kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ ká wá tún mítà iná òun ṣe. Ọkùnrin kan láti Sabon Gari ní ká bá òun wá ìyàwó tí kò ní máa pariwo. Mo ní a kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó ní kí n ṣáà máa rántí òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìpè òfo kan wọlé. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi máṣíìnì ìránṣọ tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Mo ní sùúrù. Nígbà tó yá, máṣíìnì dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ohùn kan wí. Ọ̀sán ti pọ́n ganrínganrín.

"Ẹ káàsán. Mò ń gbọ́ yín."

"To. Mo ní ẹnì kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan ni. Wallahi, mi ò mọ bí mo á ṣe sọ ọ́. Yorùbá mi ò dáa."

"Ṣé ká sọ Hausa? Mo gbọ́ ọ."

"A'a! Don Allah, Yorùbá ni. Yorùbá ni mo fẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ibi tí Yorùbá bá ti tán, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pa fóònù, mo sọ fún Sani pé ẹnì kan pè mí tí Yorùbá kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tó ń fi Hausa kún un, síbẹ̀ tó kọ̀ ká sọ Hausa.

"Kọ́sítọ́mà mi lo gbà yẹn, Alkali," ni Sani wí. "Ọmọ Zaria ni. Kí ló dé tó ń fìyà jẹ ahọ́n ara rẹ̀?"

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n simi. Mo kọ́kọ́ rò pé kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún pè, ó ní òun nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo wá rò pé bóyá ó fẹ́ fi wá kọ́ Yorùbá ni. Èyí náà kò dúró, nítorí ohun tó ń sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń kọ́ èdè. Onímáṣíìnì ni mo ń pè é nínú ọkàn mi.

Nínú ìpè yẹn ni mo ti gbọ́ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú wá fún ìgbéyàwó ló ń kọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá rí ilé kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń de irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń febi pa wọ́n, tí wọ́n sì ń nà wọ́n, títí "nǹkan náà" yóò fi jáde lára wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa gbé e lọ. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà láti lọ.

"Bóyá nǹkan náà máa lọ," ó ní. "Tó bá lọ, mo á lè sùn." Bẹ́ẹ̀ ni ẹkún gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbàgbé Yorùbá, Hausa sì tú jáde. Ó ní oúnjẹ ò lọ mọ́, oorun ò wá mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn òun. Ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan parí gbólóhùn náà, ó sì dákẹ́ lójijì.

Ìgbà náà ni ohun gbogbo hàn sí mi kedere. Ní Hausa, kò sí bí o ṣe máa tọ́ka sí ẹni tí o fẹ́ràn tí a kò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: *shi* ni ọkùnrin, *ita* ni obìnrin. Yorùbá kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìyẹn. "Ó" ni gbogbo wa. Onímáṣíìnì ti rí i pé inú èdè tí òun kò gbọ́ dáadáa yìí nìkan ni òun ti lè sọ òótọ́ ọkàn òun láìjẹ́ pé àṣírí tú. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́ èdè, n kò rí i kí èdè ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn rí.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ọ̀kan nínú méjèèjì, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, sọ fún mi pé irú kan náà ni òun àti ẹni tó fẹ́ràn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ obìnrin, obìnrin ni èkejì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, ọkùnrin ni èkejì. Èwo ni nínú méjèèjì? N kò ní sọ. Òun ló gbà mí láyè láti kọ ìtàn yìí, abẹ́ "ó" náà ni yóò sì wà.

"Ẹ gbọ́?" ó béèrè.

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́ kí ni?"

Mo ṣe ìdápadà. "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ràn ẹnì kan gidigidi, àti pé ẹ̀rù ń bà yín."

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé mò ń di nǹkan míì ni? Ṣé àìsàn ni?"

Mo bi í pé irú ẹni wo ló mọ ara rẹ̀ sí. Ó ní bí wọ́n ṣe bí òun náà ni òun ṣe wà, ọkàn òun nìkan ló ń fà síbi tí wọn ò fẹ́. Mo ní nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò ń di nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo la ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò mọ̀ sílẹ̀ fún un. N kò mọ ìdí tí ọkàn ẹnì kan fi ń fà síhìn-ín tí ti ẹlòmíràn fi ń fà sọ́hùn-ún. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì rí ìdí kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Mo mọ̀ pé ebi àti pàṣán kì í yí i padà, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

"Ṣé kí n má lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ẹsẹ̀ yín. Ta ló wà nítòsí tí ẹ lè dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ sọ ohunkóhun fún un?"

"Ọ̀gá mi," ó ní. "Sallah ti ń bọ̀."

Kò yé mi, mo sì sọ fún un pé kò yé mi. Ó ti pa fóònù.

Ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo lọ. Fóònù dún, mo fò mọ́ ọn.

"Mi ò lọ o!"

"Ẹ ò lọ?"

"Mi ò lọ! Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn, wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n gbé báàgì mi. Ọ̀gá mi ní haba, ta ló ń mú télọ̀ jáde nígbà Sallah? Ọ̀gá ní tí wọ́n bá mú mi lọ, kí Bàbá wá jókòó ti máṣíìnì, kí wọ́n rán gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. "Kí ni Bàbá wá sọ?"

"Inú bí wọn gan. Wọ́n ní àbí mi ò fẹ́ kí ara mi yá ni. Mo ní, Bàbá, ara mi yá."

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Lójú wọn! Mo tún sọ ọ́ ní Hausa kó lè yé wọn: lafiyata lau. Wọ́n ní àwọn á padà wá lẹ́yìn Sallah."

"Ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́."

Mo ní kó pè mí lọ́jọ́ Ajé, ká jọ ronú ibi tó lè sùn sí bí Bàbá bá padà dé. Ó ní òun á pè, iṣẹ́ pọ̀, ó sì pa fóònù.

Mo dìde. Mo rìn yí tábìlì ká, mo tún un yí. Sani ní kí n jókòó, òòyì ti ń kọ́ òun. Mama Làraba yọjú láti yàrá inú.

"Alkali, kí ló ṣẹlẹ̀?"

N kò lè sọ ti ẹni tó pè, n kò sì lè dákẹ́.

"Mama," mo ní, "ara ẹnì kan yá."