Ike Tí Kì Í Gbé Iná Àfi Tí A Bá Bú U

Iṣẹ́ Lindsay Treloar ní ilé ìdánwò wa ni kí ó po èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ju àtíkè lọ mọ́ ike yíyọ́, kí ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ó sá a gbẹ, kí ó sì fi wáyà méjì kàn án wò bóyá iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ kọjá. Ike kì í gbé iná; èédú yẹn ni ó yẹ kó la ọ̀nà fún un. Ìbọ̀sẹ̀ ni a fẹ́ fi ṣe, fún àwọn tí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ wọn kú, kó lè kìlọ̀ fún wọn bí bàtà bá ń bó wọn lẹ́sẹ̀.

Ike kọ̀. Glenys, ọ̀gá wa, sọ fún Lindsay pé bí abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn iná kò bá mì níṣojú àlejò tó ń fún wa lówó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lindsay bínú, ó dojú kọ ike.

"Alápá-má-ṣiṣẹ́! Dúdú lásán bí ìdí ìkòkò! Ìyá tó bí ẹ, àpò ọ̀rá ni!"

Abẹ́rẹ́ fò sókè.

A rò pé èèṣì ni. Glenys rọra bẹ ike náà, "Jọ̀wọ́, ọmọ dáadáa," abẹ́rẹ́ sì wálẹ̀. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀, ó tún dìde. Àwọn tó ní inú bíbí ò da nǹkan kò tíì pàdé ike yìí. Ní Geelong níbí, ní Ọsirélíà, ẹni tí a bá fẹ́ràn ni à ń bú. Ẹni tí a bá ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó yáa kẹ́rù rẹ̀. Ọmọ ìlú gidi ni ike wa.

Ọjọ́ pé. Àlejò náà, Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe, ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun dán an wò. Glenys ti kìlọ̀ fún wa pé kí a pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin náà so wáyà, ó tẹrí ba fún ike.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ẹ bá wa gbé iná díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ sùn fọnfọn. Ashcombe pa báàgì rẹ̀ dé. Ojú Lindsay pọ́n.

"Ìwọ onítáì yìí! Ọlọ́rùn ògòǹgò! O wá ń kí ike bí ẹni ń kí àna! Ta ló tú ẹ sílẹ̀ nílé?"

Abẹ́rẹ́ gbéra. Glenys fọwọ́ bojú. Ashcombe wo mítà, ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú irun mi náà."

Lindsay bú irun, ó bú bàtà, ó bú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọkùnrin náà ń tì lẹ́yìn. Gílóòbù kékeré tí a so mọ́ wáyà tàn yòò. Ashcombe buwọ́ lùwé, ó ń nu omijé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn sí òun rí lẹ́nu iṣẹ́.

Bí iṣẹ́ Lindsay ṣe dúró nìyẹn: kí ó máa bú ike láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú mi dùn fún un, àní mo fò sókè.

Coralie ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹkún ròyìn ìyókù fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ìyá ọ̀bọ" ni Lindsay ń pè é kí ó tó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó wọlé, èébú ti tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó jókòó ti ẹran àgùntàn àti elégédé tí obìnrin náà sè, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ ṣeun gan-an, Coralie. Oúnjẹ yín dùn púpọ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Coralie.

"Lindsay," ó ní, "ta lobìnrin náà?"