Ohun Tí Zulaikha Rí Lára Odídẹrẹ́

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Zulaikha kú ní Ofosu, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba odídẹrẹ́ olóògbé. Zulaikha, opó tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ìdànrè, ló gbé e sórí itan nínú takisí, tòun ti kéèjì rẹ̀. Kò sin ẹyẹ rí láyé rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Àyà rẹ̀ pá, ẹ̀jẹ̀ ń yọ.

"Kòkòrò ló wà lára ẹ̀, Àlájà," ni Àdúràọlá wí, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ fi àdín pa á lára."

Zulaikha fi àdín pa á lára, kò ṣiṣẹ́. Ni Zulaikha bá gbé àpótí sídìí kéèjì, ó ń ṣọ́ ẹyẹ. Ìyẹ́ kan tí ẹyẹ bá já, á fi ẹfun fa ìlà kan sára ògiri. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí i pé kò sílà kankan nígbà tí ẹyẹ ń jẹun, kò sì sí nígbà tí oníbàárà ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí oúnjẹ bá tán, tí ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, ni ìlà ń pọ̀.

Ó gun ọ̀kadà, ó gbé ẹyẹ lọ bá Olúsànmí, dókítà ẹran ní Atosin. Olúsànmí yẹ ẹyẹ wò tinú tẹ̀yìn.

"Ẹ ò ní bínú o, Màmá, ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń jẹun tán?"

"Kò tó mẹ́wàá."

"Nínú igbó, ojúmọ́ dalẹ́ ló fi ń wá èso, tó ń bó èèpo. Kò sí kòkòrò lára ẹ̀, mà. Iṣẹ́ ni kò ní."

Láti ọjọ́ náà, Zulaikha ń di ẹ̀pà sínú háhá àgbàdo, ó ń so ẹ̀ka tútù mọ́ kéèjì. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rù ba ẹyẹ, ó sá sígun títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ya háhá kan pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

"Ẹyẹ yìí ti sọ ibí di ààtàn!" Àdúràọlá ké.

"Kó máa ya háhá, kó má ya ara ẹ̀," Zulaikha fèsì.

Lóṣù kẹrin, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ hù láyà ẹyẹ, àfi ojú kan lábẹ́ apá. Nígbà tí ibà dá Zulaikha dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, tí kò sẹ́ni tó ń di háhá fún ẹyẹ, ó tún fa díẹ̀ tu. Ó wá yé Zulaikha pé àṣà náà kò tíì kúrò lára ẹyẹ pátápátá.

Lánàá, ó fi okùn ta kókó líle kan sẹ́nu háhá ẹ̀pà, ó rò pé á gba ẹyẹ ní ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ẹyẹ fi tú u.

"Báwo lo ṣe ṣe é?" ó bi ẹyẹ náà, ó sì na ọwọ́ mú okùn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.