Pátákó Ìkúnlẹ̀ Moríkẹ́

Bí àlejò bá wọ ilé ìsìn wa ní Bẹ́tẹ́lì-Etíkun nígbà náà, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni pé kó bọ́ bàtà. Ohun kejì ni pé kó máa wo ilẹ̀ bó ṣe ń rìn. Pátákó ni ilẹ̀ ilé ìsìn náà, orí ọ̀pó ló dúró sí bíi gbogbo ilé wa, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò pọ̀ nínú ilẹ̀ náà débi pé àlejò á máa wojú wa, á rò pé ọ̀lẹ ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn èèyàn wa ló gbé àwọn pátákó náà lọ, a sì mọ̀ sí i.

Èmi Fágbèmí, tí mo ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Ìgbókòdá lọ sí Awóyè, ni mo ń sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi dà yín láàmú. Bàbá bàbá mi ló fi í sílẹ̀, a sì ti ṣe ìrìbọmi fún mi kí n tó mọ̀ ọ́n kọ. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ń kó lọ tẹ ibòmíràn dó gbọ́dọ̀ gba pátákó kan nínú ilẹ̀ ìjọ. Pátákó yẹn ni yóò kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀ nínú ilé ìsìn tó bá dá sílẹ̀ níbi tó ń lọ. A kì í fi pátákó ọjà bẹ̀rẹ̀ ìjọ. Nígbà tí ìlú ṣì kún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á ti fi igi tuntun dí àyè náà kó tó di ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú wa, adúgbò kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ, àwọn pẹ̀lú pátákó tiwọn, kò sì sí ẹni tí yóò dí àyè mọ́.

Moríkẹ́ ni olùtọ́jú ilẹ̀ náà. Ọkọ rẹ̀, Olówòkéré káfíńtà, ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, obìnrin náà mú òòlù rẹ̀, ìjọ kò sì wá ẹlòmíràn. Òun nìkan ló lè yọ ìṣó, òun nìkan ló lè yan pátákó tí a óò fún ẹni tó ń lọ. Ẹja ló ń yan tà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí inú bá sì bí i, á kàn máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun ni ibi ìkúnlẹ̀ rẹ̀ wà. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun ló ti ń kúnlẹ̀ sórí pátákó kan ṣoṣo yẹn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti gbẹ́ kòtò méjì sí i. Wọn kò jìn, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ pa ibẹ̀, o máa mọ̀.

Nígbà tí ó yá, ó kan Happiness, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Promise, ọkọ rẹ̀, ti rí ibi ìpẹja gidi ní Límbè ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n sì fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ ilẹ̀, ìyẹn pátákó náà, kì í wọlé. Inú ọkọ̀ ni yóò ti tọrọ. Happiness dúró nínú ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọkọ rẹ̀ fi àjẹ̀ di ọ̀pó mú.

"Ìyá, Olúwa ti lànà fún wa," ni Happiness wí. "A wá tọrọ ilẹ̀."

Moríkẹ́ wò ó títí. "Ọma mi, ilẹ̀ ti tán."

Promise rò pé eré ni. "Ìyá, àwọn pátákó náà rèé, a ń rí wọn."

"Mo ní ó tán! Ẹni bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Ṣé gbogbo ayé ni kí n wá fi ulí Ọlọ́run kan ṣoṣo yìí tẹ́ ni?"

Ó ti fèrèsé ilé Ọlọ́run náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú wa dó, ẹnikẹ́ni kò tíì tọrọ ilẹ̀ kí a má fún un. Happiness jókòó sínú ọkọ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ lé jáde. Ó dùn mí, síbẹ̀ n kò lè bínú sí Moríkẹ́. Bí àwọn yẹn bá lọ, kò ní sí ọmọ tirẹ̀ kankan ní ìlú mọ́, ilẹ̀ tó ń tọ́jú yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tán.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo gbé Àlùfáà Ọlọ́rundáre wá bẹ̀ wá wò. Àkúrẹ́ ló ti wá, èèyàn rere ni, àmọ́ ẹ̀rù omi ń bà á. Ìwàásù rẹ̀ lọ́jọ́ náà dá lé bí ìjọ Kristi ṣe ń gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ó mú wa dé Bùràsíìlì, ó mú wa dé Kòríà, ó mú wa dé Ṣáínà níbi tí wọ́n ti ń kọrin lábẹ́lẹ̀ kí ará ilé kejì má bàa gbọ́. Ó ní àwa aláwọ̀ dúdú ló wá pọ̀ jù báyìí nínú agbo. Ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún Jésù, a sì pàtẹ́wọ́. Àwa tí a ń pa á kò kún ọkọ̀ mi.

Moríkẹ́ dìde. "Bàbá Àlùfáà, ẹ má bínú. Nígbà tí wọ́n ń ka àwọn èèyàn yẹn, ṣé wọ́n ka àwa náà?"

Mo rò pé yóò fi ẹsẹ Bíbélì kan dá a lóhùn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ihò tó wà níwájú rẹ̀, ó pa Bíbélì dé.

"Ìyá, n kò mọ̀," ni ó wí. "Òótọ́ ibẹ̀ rèé: ìjọ mi ní Àkúrẹ́ kún dé ìta. Ariwo wà, ohun èlò orin wà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó kúnlẹ̀ tó gbàgbé láti dìde. Ìsọjí ni mo ń tọrọ, kì í ṣe èrò. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kúnlẹ̀."

Moríkẹ́ jókòó. Bí a ṣe jáde ìsìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nídìí ààrò. Jọọlá, aládùúgbò rẹ̀, mú àwo fífọ́ wá láti wá fọn iná. Moríkẹ́ wa ẹ̀yinná fún un, ó tún fi igi tó ń jó lé e, Jọọlá sì lọ. Ọwọ́ Moríkẹ́ kò kúrò lórí ààrò. Ó ń wo ibi tó ti bu iná náà, tó ti pọ́n padà.

"Fágbèmí," ni ó wí, "láti kékeré wa, ǹjẹ́ o ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹni tó wá fọn iná pé iná ti tán?"

Mo ní n kò gbọ́ ọ rí.

"Pátákó kan ni bàbá Olówòkéré gbé wá láti Òde Ùgbò láti fi bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí. Ẹnì kan ló yọ ọ́ fún un. Bóyá ẹni yẹn náà ní ọma kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́." Ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní èéfín ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Happiness ń lọ, ìyá rẹ̀ mú òòlù Olówòkéré wọ ilé ìsìn. A gbọ́ bí ìṣó ṣe ń han. Pátákó tó gbé yọ lójú fèrèsé ni èyí tó ní kòtò méjì. Happiness kò fẹ́ gbà á.

"Ìyá, èyí kọ́! Ibi ìkúnlẹ̀ yín ni."

"Èyí tí mo fẹ́ràn ni mo fún ẹ. Kúnlẹ̀ sí i, ọma mi. Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìjókòó."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ihò ni Moríkẹ́ ń kúnlẹ̀ sí, ó ń wo omi.

Òjò ọdún kejì ni òkun wá gba ìyókù. Ọ̀sán gangan ni. Ó gbé agogo, ó gbé pẹpẹ, ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìjọ. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí ó rọlẹ̀, pátákó fọ́n káàkiri etí omi lóòótọ́, àmọ́ ti ilé oníkálukú ti dà pọ̀ mọ́ ti ìjọ, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni tiwa. A kó lọ sí apá Òde Màhín. A ri ọ̀pó, a fi igi tuntun tẹ́ ilé ìsìn kékeré kan. A kò lè bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Ọlọ́rundáre ránṣẹ́ pé Ọlọ́run kò sí nínú igi, òótọ́ ló sì sọ. A gbọ́, a sì jókòó síta.

Mo sọ fún Moríkẹ́ pé kó pe Happiness. Ó ní rárá, ohun tí a bá ti fún Ọlọ́run, a kì í na ọwọ́ gbà á padà. Ó rù. Kò kọrin mọ́ nídìí ààrò. Mo rí i pé bí ìjọ yẹn kò bá bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà kò ní pẹ́ láyé, nítorí náà nígbà tí Happiness pè mí lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi nǹkan kan bò.

Kò pẹ́ tí àwọn apẹja tó ń ti Límbè bọ̀ fi gbé ẹrù kan wá fún Moríkẹ́, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e. Wọlé, ọ̀gá wọn, ló jíṣẹ́. Ó ní ilé ìsìn Happiness kún, àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn náà ń du ààyè lórí pátákó yẹn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kúnlẹ̀ tó báyìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ ẹni náà ti bá òkun lọ, wọ́n sunkún, wọ́n ní kí wọ́n dá pátákó náà padà. Happiness ni ó ní kí wọ́n mú ayùn wá.

Moríkẹ́ tú ọ̀rá náà. Ìlàjì pátákó ló bá níbẹ̀, kòtò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án mọ́lẹ̀ ní ibi fèrèsé. Gbogbo wa bọ́ bàtà, a wọlé. Ó kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún wọ kòtò rẹ̀, ti òsì sì wà lórí igi ọjà tó ṣì ń rùn. Ó gbàdúrà fún àwọn ará Límbè, ó gbàdúrà fún Àkúrẹ́, ó dárúkọ Kòríà àti Ṣáínà pẹ̀lú, kí iná tún jó níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ẹ̀mí òun gùn tó láti gbẹ́ kòtò kejì.